Bí A Ṣe Ń Dá Ìpinnu Ara Ẹni Ṣe: Ìtọ́sọ́nà Láti Inú Ẹ̀kọ́ Búdà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ Búdà, olùkọ́ ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, kì í yéé bi mí: "Ṣé lóòótọ́ ni Búdà ní ká má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, ká kàn máa ṣe ohun tó bá wù wá?" Ìkejì rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e: "Tí ẹ̀kọ́ náà bá ní ká jọ̀wọ́ ìfẹ́ ọkàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí n ó yàn?"

Rárá ni ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́. Ohun tó ń wù wá lè jẹ́ ohun tí ìbẹ̀rù tàbí ojúkòkòrò ń tì wá sí. Ẹni tí ìbẹ̀rù ń darí kò tíì dá ìpinnu kankan ṣe, ì báà jẹ́ òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ìpinnu máa ń di tiwa nígbà tí a bá rí ohun tó ń tì wá, tí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí, tí a sì gbà pé ọwọ́ wa ló ti wá. Èyí náà ló dáhùn ìbéèrè kejì: ìfẹ́ ọkàn tó ń tì wá kiri la ń jọ̀wọ́, kì í ṣe agbára láti yàn. Bí a ṣe ń ṣe é ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé nìyí. Ẹ kò nílò láti jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà kí ẹ tó lò ó.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni n ó lò láti òkè dé ilẹ̀: ẹ̀gbọ́n yín obìnrin fẹ́ yá owó ní báńkì, wọ́n sì ní kí ẹ ṣe onígbọ̀wọ́ àwọn. Wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ìbuwọ́lù yín ni wọ́n ń dúró dè.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá nǹkan mẹ́ta sílẹ̀:

- Ìwé àti bírò. Ẹ má fi orí nìkan ṣe é, nítorí èrò tí a kò kọ sílẹ̀ máa ń para dà mọ́ni lọ́wọ́.
- Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè yín fún bí 20 ìṣẹ́jú.
- Ọjọ́ tí ẹ máa fèsì. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń dúró: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n fèsì lọ́jọ́ Ẹtì."

*Ìkìlọ̀:* Ìtọ́sọ́nà yìí kò wà fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Tí ẹnì kan bá ń lù yín, tàbí tí àìsàn bá dé lójijì, ẹ sá kúrò níbẹ̀, ẹ wá ìrànlọ́wọ́; àṣàrò lè dúró. Bákan náà ni tí ìbànújẹ́ bá ti gba oorun àti oúnjẹ lẹ́nu yín. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn kan

"Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi?" ti gbòòrò jù. Gbogbo ohun tó ti wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì láti kékeré ló máa rọ́ wọlé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ṣé kí n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àbí kí n má buwọ́ lù ú?" Ohun kan ṣoṣo láti ṣe, ọjọ́ kan pàtó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Ohun tí ẹ mọ̀ dájú wà lápá kan, ohun tí ẹ kàn ń rò wà lápá kejì. Iye tí wọ́n fẹ́ yá, tí ẹ bá ti fojú ara yín rí i nínú fọ́ọ̀mù, ẹ mọ̀ ọ́n. "Wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láé" jẹ́ èrò. Búdà ní ẹni tó bá sọ pé "báyìí ni mo gbà gbọ́" ń dáàbò bo òtítọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì fún un láyè láti sọ pé "èyí nìkan ni òtítọ́, irọ́ ni ìyókù." Ìlà tí ẹ fà yẹn ló máa ń ràn wá lọ́wọ́ láti pa ìyàtọ̀ náà mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí ọkàn tòrò

Búdà fi ọkàn wé omi inú abọ́ tí èèyàn fẹ́ fi wo ojú ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ti da aró sí omi náà, tàbí tó ń hó, tàbí tí ewéédò bò ó, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń rú u, tàbí tó kún fún ẹrẹ̀ tí wọ́n sì gbé e sínú òkùnkùn, ojú kò ní hàn níbẹ̀. Nǹkan márùn-ún tó ń ṣe ọkàn bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú, oorun òun ọ̀lẹ, àìfararọ òun àbámọ̀, àti iyèméjì.

1. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn yín nà ṣùgbọ́n kó má le.
2. Ẹ fi ọkàn sí èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Tí ọkàn bá sá lọ, ẹ rọra mú un padà.
3. Ẹ wo èwo nínú márùn-ún yẹn ló wà nílẹ̀, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú ọkàn yín.
4. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbínú, ẹ máa fi inú kan wúre fún ara yín, lẹ́yìn náà fún ẹni tó bí yín nínú. Tó bá jẹ́ oorun, ẹ dìde rìn kiri, ẹ bọ́jú, tàbí kí ẹ kúkú lọ sùn kí ẹ tún gbé e yẹ̀ wò lọ́la. Tó bá jẹ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ẹ wo apá tí ẹ kò fẹ́ wò nínú ohun náà.

Iyèméjì ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbésẹ̀ tó kàn.

Kò pọn dandan kí ọkàn balẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá ti lè rántí orúkọ ẹ̀gbọ́n yín láìjẹ́ pé àyà yín já, ó tó láti tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ohun tó ń tì yín

Nígbà tí Búdà ń bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Sigalaka sọ̀rọ̀, ó ka ohun mẹ́rin tó máa ń mú èèyàn hu ìwà tí kò tọ́: ojúsàájú, ìkórìíra, àìmòye àti ìbẹ̀rù. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi ibí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ojúsàájú. A fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn wa. A fẹ́ gbọ́ "o ṣeun, àbúrò mi," kí gbogbo ẹbí sì mọ̀ pé àwa la ṣe é. Ẹ bi ara yín: ká ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé èmi ni mo dúró fún wọn, ṣé n ó ṣì buwọ́ lù ú?

Ìkórìíra. Bóyá wọ́n dá yín dá ìṣòro yín nígbà kan rí, inú yín wá ń dùn díẹ̀ pé ọwọ́ yín ni èèkù idà wà lónìí. Ẹ bi ara yín: ká ní ọ̀rẹ́ tí kò ṣẹ̀ mí rí ló wá bẹ̀ mí, kí ni n bá sọ?

Àìmòye. Ẹ kò tíì ka fọ́ọ̀mù náà tán. Ẹ kò mọ̀ bóyá gbogbo gbèsè náà ló máa bọ́ sí yín lọ́rùn tí wọn kò bá lè san án, ẹ kò sì tíì bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe, torí ojú ń tì yín. Àṣàrò kò lè yanjú èyí. Ẹ ka ìwé náà, ẹ pe báńkì, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín.

Ìbẹ̀rù. Òun ló ṣòro mọ̀ jù, nítorí ó máa ń wọ aṣọ ọ̀wọ̀. "Mi ò fẹ́ já ẹ̀gbọ́n mi kulẹ̀" lè ti inú ìfẹ́ tòótọ́ wá, ó sì lè jẹ́ ariwo ni ẹ ń sá fún. Ara ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí ìfiránṣẹ́ wọn, kí ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣé èjìká yín gbéra sókè? Ṣé ikùn yín le gbagidi? Ṣé àtàǹpàkò yín ti ń tẹ "ó ti dáa, mà" kí ẹ tó kà á tán? Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: "Ìbẹ̀rù wà níbí." Ẹ má bá a jà. Ẹ wò ó títí agbára rẹ̀ á fi dínkù, ó sì máa ń dínkù, nítorí kò sí ìmọ̀lára tó máa ń dúró lójú kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bi ara yín: tí ẹ̀rù wọn kò bá bà mí, kí ni n bá ṣe?

Ẹ ṣọ́ra o: kì í ṣe gbogbo ìbẹ̀rù la ń lé lọ. Búdà ní ìtìjú láti hùwà búburú àti ìbẹ̀rù àbájáde rẹ̀ ni ohun méjì tó ń dáàbò bo ayé. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín torí fọ́ọ̀mù náà ní kí ẹ kọ iye owó oṣù tí kì í ṣe tiyín, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ wò

Àwọn ará Kalama ní ìlú Kesaputta sọ fún Búdà pé oríṣiríṣi olùkọ́ ń wá sọ́dọ̀ àwọn, oníkálukú ń gbé tirẹ̀ ga, ó ń bu ti ẹlòmíràn kù, àwọn kò sì mọ ẹni tó ń sọ òtítọ́. Búdà ní ó tọ́ kí wọ́n ṣiyèméjì. Ó wá ka ohun mẹ́wàá tí kò tó láti fi gba ọ̀rọ̀ wọlé. Méje lára wọn nìyí, ẹ fi yẹ èrò yín wò:

- pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbọ́ ọ láti ìran dé ìran
- pé àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri
- pé ó wà nínú ìwé mímọ́
- pé ó bá ọgbọ́n orí mu
- pé ó bá èrò tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ mu
- pé ẹni tó sọ ọ́ jọ ẹni tó mọ̀
- pé olùkọ́ wa ló sọ ọ́

Ẹ wo ìkẹrin àti ìkarùn-ún dáadáa. Ọgbọ́n orí tiwa náà wà lára ohun tí Búdà ní kò tó. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí pé "ohun tó bá ṣáà ti yé mi ni n ó ṣe" kò kà á dé òpin, nítorí Búdà tẹ̀ síwájú: nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá mọ̀ pé ìwà kan burú, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ń dá a lẹ́bi, pé ẹni tó bá ń hù ú yóò bọ́ sínú ìpalára àti ìyà, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n wà nínú òṣùwọ̀n náà.

Ọ̀rọ̀ òbí àti ẹbí ń kọ́? Sigalaka tí mo dárúkọ lókè, bàbá rẹ̀ ló sọ fún un lórí àkéte ikú pé kó máa forí balẹ̀ fún ìhà mẹ́fà ayé. Búdà bá a ní kùtùkùtù òwúrọ̀, aṣọ àti irun rẹ̀ tutù, ó ń forí balẹ̀. Búdà kò ní kó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nù. Ó ṣàlàyé fún un pé ìhà mẹ́fà náà ni òbí, olùkọ́, aya, ọ̀rẹ́, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, àti àwọn ẹni ẹ̀mí, pé títọ́jú wọn bó ti yẹ ni ìjúbà tòótọ́. Nítorí náà, tí màmá yín bá ní "ọmọ ìyá kì í sá fún ọmọ ìyá," ẹ lè gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ sì fúnra yín wá ọ̀nà tó dáa jù láti mú un ṣẹ. Ó lè má jẹ́ nípa bíbuwọ́ lùwé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo ibi tó máa já sí

Rahula ni ọmọ Búdà. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nípa ìwà ni pé kó tó ṣe nǹkan, kó béèrè bóyá ó máa pa òun lára, tàbí ó máa pa ẹlòmíràn lára, tàbí ó máa pa tọ̀tún-tòsì lára. Tó bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó má ṣe é.

Ẹ béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí "bẹ́ẹ̀ ni," kí ẹ sì tún béèrè wọn lórí "rárá." Àṣìṣe ńlá ni láti yẹ ẹyọ kan wò.

- Tí mo bá buwọ́ lù ú, tí òwò wọn kò sì lọ déédéé, ṣé mo lè san án láìfi ebi pa àwọn tó gbára lé mi? Ṣé ìfẹ́ àárín wa á ṣì wà lọ́jọ́ tí báńkì bá pè mí?
- Tí mi ò bá buwọ́ lù ú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an? Ṣé wọn kò ní rí oògùn rà ni, àbí òwò kan máa pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ tún wo ohun tó wà lọ́kàn yín. Búdà ní èrò inú tí a fi ṣe nǹkan ni òun ń pè ní kámà, ìyẹn ìwà tó ń so èso padà fún ẹni tó hù ú. Ẹni méjì lè sọ "rárá" kan náà fún ẹ̀gbọ́n wọn, kí ọ̀kan fi gbẹ̀san, kí èkejì fi dáàbò bo tọ̀tún-tòsì. Èso wọn nínú ọkàn kò lè dọ́gba. Tí ẹ bá rí i pé ìpinnu dára ṣùgbọ́n inú tí ẹ fi fẹ́ ṣe é kò mọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2 kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi han ẹni tó gbọ́n

Ananda, ọmọ ẹ̀yìn Búdà tó sún mọ́ ọn gan-an, sọ fún un pé ìdajì ìgbé ayé ẹ̀mí ni níní ọ̀rẹ́ rere. Búdà ní kó má wí bẹ́ẹ̀, pé gbogbo rẹ̀ ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bíbéèrè kò sọ ìpinnu yín di ti ẹlòmíràn, tí ẹ bá béèrè lọ́nà tó yẹ:

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí ọkàn yín ń tẹ̀ sí, kí ẹ tó lọ.
2. Ẹ yan ẹni tí kò ní jèrè nínú ìdáhùn yín, tí ẹ sì ti rí bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀.
3. Ẹ bi í pé, "Kí ni mi ò rí?" Ẹ má bi í pé, "Kí ni kí n ṣe?"
4. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà sílé lọ rò ó.

*Ìkìlọ̀:* Tí olùkọ́ kan bá ní ẹ kò gbọdọ̀ bi òun ní ìbéèrè, tàbí pé òun ni kó máa yan iṣẹ́, ọkọ, aya tàbí ìnáwó yín, ẹ yẹra. Búdà fúnra rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn yẹ òun wò, kí wọ́n wo ìwà òun, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, kí wọ́n tó gbà pé ojú ọkàn òun ti là sí òtítọ́ lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pinnu, kí ẹ sì sọ ọ́

Kí ẹ tó fèsì, ẹ fi ojú wo ìwọ̀nyí:

- Mo lè sọ ìpinnu mi ní gbólóhùn kan.
- Mo mọ èyí tó lágbára jù nínú ohun mẹ́rin tó ń tì mí, kì í sì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀.
- Mo ti yẹ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" wò.
- Mo ṣe tán láti fara mọ́ ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọ̀rọ̀ tí Búdà máa ń sọ jẹ́ òtítọ́, ó ń ṣeni láǹfààní, ó sì ń mọ àkókò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má purọ́ pé báńkì ló kọ̀. Ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àlejò. Ẹ pè wọ́n nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rò ó dáadáa. Mi ò ní lè ṣe onígbọ̀wọ́, torí tí nǹkan bá yí padà, agbára mi ò ká a. Àmọ́ mo lè fún yín ní iye báyìí, n ò ní gbà á padà." Tí wọ́n bá bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹ má ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kẹ́rin. Àlàyé àpọ̀jù sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rù tó tún padà wá.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ padà wò ó

Ìbéèrè mẹ́ta tí Búdà kọ́ Rahula kò parí sí kí a tó ṣe nǹkan. Ó ní kó máa béèrè wọn nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́, kó dáwọ́ dúró tó bá rí i pé ó ń pani lára. Kó sì tún béèrè wọn lẹ́yìn tó bá ti ṣe é tán. Tí ìwà tàbí ọ̀rọ̀ náà bá ti pani lára, kó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún olùkọ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ tó gbọ́n, kó sì ṣọ́ra lọ́jọ́ iwájú. Tó bá dára, kó máa fi ayọ̀ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́. Kò sí ibì kankan tó ti ní kó na ara rẹ̀ lẹ́gba. Àbámọ̀ wà lára ohun tó ń rú omi ọkàn, bí mo ti sọ.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa padà wò ó sínú kàlẹ́ńdà. Ìpinnu náà kì í dúró lójú kan. Tí nǹkan bá ti yí padà, ẹ lè yí i padà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kíkọtí ikún sí gbogbo èèyàn. Ṣíṣe òdì-kejì ohun tí ẹbí wí kò yàtọ̀ sí ṣíṣe ohun tí wọ́n wí. Àwọn náà ló ṣì ń darí yín.
- Pípe àìbìkítà ní ìfọkànbalẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ṣì ń káàánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
- Fífi kámà ṣe àwáwí. "Bó ṣe wà nìyẹn" kì í ṣe ẹ̀kọ́ Búdà. Ohun tí ẹ bá ń ṣe lónìí ní agbára tirẹ̀.
- Dídúró de ìdánilójú pátápátá. Kò ní dé.

Tí ìpinnu kò bá tíì yọjú

Ẹ dín ọ̀rọ̀ náà kù. Tí ẹ kò bá lè pinnu lórí gbogbo gbèsè, ṣé ẹ lè pinnu lórí ìdajì, tí báńkì bá gbà bẹ́ẹ̀? Ẹ tún lè dánra wò: ẹ gbé ìgbà òwúrọ̀ kan bí ẹni tó ti buwọ́ lù ú, kí ẹ gbé ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti kọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ọkàn yín ń sọ sílẹ̀ nígbà méjèèjì.

Tí ọ̀nà méjèèjì bá dára, tí kò sì sí èyí tó ń pani lára, ẹ mú ọ̀kan. Tó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ti pé tí ẹ kò tíì mọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò tíì mọ̀, kí ẹ dá ọjọ́ tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí ọjọ́ yẹn náà bá kọjá láìsí èsì, "rárá" ni ẹ ti sọ láì la ẹnu. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn kedere, kí wọ́n lè rí àyè wá onígbọ̀wọ́ mìíràn.